Aṣọ Àlà Tí Epo Bà Jẹ́: Ìdájọ́ Ojú Ẹsẹ̀ àti Àwọn Aláìnílé ní Woolwich àti Thamesmead

Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ àtayébáyé kan tó dúró fún ẹni tí kò níbi tí yóò sùn sí, tí kò sì ní ẹ̀bi tàbí àrùn mìíràn lọ́rùn. Aláìnílé, tí àwọn oníròyìn ń lò lónìí, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni ìsáǹsá, alágbe, alárìnká àti wèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ti gbé ìdájọ́ pọ̀n wá. Ìsáǹsá ni ẹni tó sá fún ojúṣe tàbí fún òfin. Alágbe ni ẹni tó sọ ìtọrọ di iṣẹ́. Alárìnká ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé. Wèrè sì ni ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Agbo ilé, èyí tí í ṣe ọ̀wọ́ ilé tí àwọn ọmọ baba kan ń gbé lábẹ́ baálé kan, kì í ṣàìrí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan fún ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ti ibẹ̀, ì báà jẹ́ opó, ì báà jẹ́ ẹni tí òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá rí lábẹ́ ìsọ̀ ọjà lóru, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé ó ṣe nǹkan tàbí pé nǹkan ṣe é.

Ojú tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí kọ́ ní ìwò ni ọ̀pọ̀ Yorùbá gbé dé gúúsù ìlà-oòrùn London, níbi tí òfin ti fún àìnílé ní ìtumọ̀ tó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ òfin ilé gbígbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aláìnílé ni ẹnikẹ́ni tí kò ní ibi tó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé, tàbí tí ó ní i ṣùgbọ́n tí kò bọ́gbọ́n mu kó máa gbé ibẹ̀, bóyá nítorí pé wọ́n ń lù ú nínú ilé náà. Èyí ni ó mú kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí káńsù fi sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó jáde láràárọ̀, jẹ́ aláìnílé nínú ìwé ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó pàdé rẹ̀ lójú pópó tí yóò pè é bẹ́ẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2025, ìdílé 131,140 ló wà ní ibùgbé onígbà díẹ̀ káàkiri ilẹ̀ England, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ń sùn síta tí wọ́n kà ní alẹ́ ẹyọ kan nígbà ìwọ́wé ọdún 2024 kò ju 4,667 lọ. Bí a bá tilẹ̀ gbà pé ọ̀kan ń ka ìdílé tí èkejì sì ń ka ènìyàn, pé ọ̀pọ̀ tí ń sùn síta sì ń sá pamọ́ fún àwọn tí ń kà wọ́n, ó ṣì hàn gbangba pé ìdá tí ojú ń rí kéré púpọ̀ nínú ohun tó wà nílẹ̀.

Woolwich fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú tí ojú lè tètè ṣini lọ́nà. Royal Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1967, ti di ilé olówó ńlá tó kọjú sí odò Thames. Ọkọ̀ ojú irin DLR dé ìlú náà ní ọdún 2009, ti Elizabeth sì tẹ̀lé e ní ọdún 2022, owó ilé sì ń bá a gòkè. Àwọn ilé sinimá ńláńlá méjì tí wọ́n ṣí ní ọdún 1937, Granada àti Odeon, tí wọn kò jìnnà síra wọn, ti di ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kún inú wọn, Christ Faith Tabernacle àti New Wine Church. Ní Thamesmead, tí ìjọba London ìgbà náà kọ́ sórí ilẹ̀ àbàtà, tí ìdílé àkọ́kọ́ sì kó wọ̀ ní ọdún 1968, àwọn ilé kọnkéré tí wọ́n fi ṣe fíìmù oníjàgídíjàgan ní nǹkan bí ọdún 1970 ni Peabody, ilé iṣẹ́ tí ń fún àwọn aláìní nílé láti ayé ọba Victoria, tó gba àkóso ibẹ̀ ní ọdún 2014, ti ń wó tó sì ń tún kọ́. Lóòótọ́, ẹni tí kò mọ Thamesmead ju fíìmù yẹn lọ ti dá ìlú náà lẹ́jọ́ tipẹ́. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ mọ bí ó ṣe ń dùn ẹni tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ojú tí ń ṣini lọ́nà yìí ti hàn jù ni inú bọ́ọ̀sì 53, tí ń ti Plumstead gba Woolwich, Deptford, New Cross àti Old Kent Road lọ sí ìhà àárín ìlú, tọ̀sán-tòru. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, àwọn tí ń lọ gbá ọ́fíìsì àti àwọn tí ń lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báǹkì ni wọ́n pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe tán kí àwọn olówó oṣù tó dé. Obìnrin kan lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú fìlà òtútù tó fà bo etí, jákẹ́ẹ̀tì méjì lọ́rùn, báàgì ọ̀rá tí bàtà iṣẹ́ àti abọ́ ìrẹsì wà nínú rẹ̀ lórí itan, kó fi orí ti gíláàsì, kó sùn lọ, kí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọkùnrin kan lè wà ní ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú irú fìlà kan náà, irú jákẹ́ẹ̀tì kan náà, irú báàgì ọ̀rá kan náà, tó san owó ọkọ̀ nítorí pé inú bọ́ọ̀sì móoru ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹni tó bá wọlé ní Charlton kò lè fojú yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ó bá sì rò pé òun ti yà wọ́n, a jẹ́ pé òórùn, irùngbọ̀n tàbí àwọ̀ ara ló dá a lóhùn. (Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí obìnrin náà gan-an máa sùn lórí àga ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ kan ní Thamesmead láti oṣù mẹ́ta, kí ọkùnrin náà sì ní kọ́kọ́rọ́ ilé ara rẹ̀ lápò.)

Ó yẹ kí a ya ìfura àti ìdájọ́ sọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́. Ìfura ni kí ènìyàn kíyè sí ewu kí ó sì ṣọ́ra fún un. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Obìnrin tó ń dá rìn lóru nítòsí ibùdókọ̀ Abbey Wood, tó sọdá sí òdìkejì ọ̀nà nígbà tó gbọ́ tí ọkùnrin kan ń pariwo, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá délé, tó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun rí ọ̀kan nínú àwọn tí igbó ti ba ayé wọn jẹ́, ó ti kúrò nídìí ohun tó rí, ó ti dé ìdí ohun tí kò rí: ó ti sọ bí ọkùnrin náà ṣe dé ibẹ̀, ó sì ti sọ ohun tó tọ́ sí i. Ìdájọ́ ojú ẹsẹ̀, bí a ṣe ń lò ó níhìn-ín, ni kí ènìyàn ka ìdí nǹkan láti ojú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ti ṣe ìwádìí lórí bí ó ṣe ń yára tó. Ní ọdún 2006, Janine Willis àti Alexander Todorov ti Yunifásítì Princeton fi hàn pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó fún ènìyàn láti pinnu bóyá ẹni tó rí àwòrán rẹ̀ ṣeé fọkàn tán. Nígbà tí wọ́n sì fún àwọn olùwò ní àkókò sí i, ohun tí àkókò náà fi kún jù ni ìdánilójú wọn, ìdájọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìyẹn ni pé wíwò pẹ́ nìkan kò wo àrùn náà sàn.

Òfin pẹ̀lú ti fìgbà kan sọ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí ogun Napoleon parí, tí àwọn ọmọ ogun àti atukọ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀ ń rìn káàkiri láìníṣẹ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àwọn alárìnkiri ní ọdún 1824, wọ́n sì pín àwọn tí òfin náà mú sí ìsọ̀rí mẹ́ta: ọ̀lẹ oníwàkuwà, ìpáǹle alárìnkiri, àti ìpáǹle tí kò gbọ́ àtúnṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó sùn síta, bí apá kẹrin òfin náà ṣe kọ ọ́, ni pé ó sùn síta tí kò sì lè ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa. Ìrísí rẹ̀ ti fẹ̀sùn kàn án ná, òun ni kó wá wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ kí Yorùbá London mọ̀, tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀, ni pé apá kẹrin kan náà yìí ló ní kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura sí pé ó fẹ́ jalè, òun sì ni àwọn ọlọ́pàá lò ní àwọn ọdún 1970 láti máa kó àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní ìgboro London láìsí pé wọ́n ji abẹ́rẹ́. Ọdún 1981, ọdún rògbòdìyàn Brixton, ni wọ́n fagi lé ìlà ìfura yẹn. Èyí tó kan ẹni tí ń sùn síta dúró. Ilé aṣòfin fọwọ́ sí ìfagilé rẹ̀ nínú òfin kan ní ọdún 2022, síbẹ̀ nígbà tí ó fi di ọdún 2025 ìfagilé náà kò tí ì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, bí ọmọ Nàìjíríà kan bá dúró ní Powis Street ní Woolwich tó ń sọ pé kí ọlọ́pàá wá palẹ̀ àwọn eléèérí wọ̀nyí mọ́, idà tí wọ́n fi lé àwọn tó ṣáájú rẹ̀ dé ìlú náà ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ.

Àwọn Yorùbá ní ìtàn kan tó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ìtàn Ọbàtálá nígbà tó lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n egungun ìtàn náà kan náà ni. Babaláwo ti kìlọ̀ fún Ọbàtálá pé ìrìn àjò náà kò ní í dára, pé bí ó bá sì di dandan kó lọ, kó mú aṣọ funfun mìíràn àti ọṣẹ dání, kó má sì bá ẹnikẹ́ni jà lọ́nà. Lójú ọ̀nà ló ti bá Èṣù pàdé, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbérù. Ibi tó ti ń bá a gbé e ni Èṣù ti da epo pupa sí i lára, lẹ́yìn náà èédú, lẹ́yìn náà àdín. Epo kì í ṣe ìdọ̀tí lásán fún Ọbàtálá: èèwọ̀ rẹ̀ ni, aṣọ àlà, ìyẹn aṣọ funfun rẹ̀, sì ni àmì ẹni tí ó jẹ́. Nígbà tó súnmọ́ Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó já, ó mọ̀ ọ́n, ó sì mú un lọ́wọ́ láti dá a padà. Àwọn ìránṣẹ́ ọba yọ sí i. Ohun tí wọ́n rí ni àgbàlagbà àlejò kan tí ara rẹ̀ kún fún ìdọ̀tí, tí ìjánu ẹṣin ọba sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò bi í ní orúkọ, wọn kò mú un dé iwájú Ṣàngó. Wọ́n lù ú, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n, níbi tó wà fún ọdún méje. Òjò kò rọ̀, irè oko kò so, aboyún kò bí, títí Ifá fi sọ fún Ṣàngó pé aláìṣẹ̀ kan wà nínú túbú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń fa ẹ̀kọ́ yọ nínú ìtàn yìí ni pé kí ènìyàn ṣọ́ra, nítorí ẹni ńlá lè wọ àkísà. Ẹ̀kọ́ yẹn kò tó, ó tilẹ̀ tún lòdì díẹ̀. Ẹni tó bá ń bu ọlá fún alárìnká nítorí pé ó lè jẹ́ òrìṣà, tàbí nítorí pé ó lè jẹ́ áńgẹ́lì, ṣì ń wojú ṣe nǹkan. Èrò rẹ̀ nípa aṣọ nìkan ló yí padà. Ohun méjì ló wà nínú ìtàn náà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Èkíní ni pé ẹ̀rí tí àwọn ìránṣẹ́ náà rí kì í ṣe irọ́: ẹṣin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdọ̀tí sì wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni ìdí tí ẹṣin fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tí ojú kò lè rí, tí ó jẹ́ pé ẹnu nìkan ló lè béèrè rẹ̀. Èkejì ni pé Ifá kò sọ fún Ṣàngó pé ẹni ńlá wà lẹ́wọ̀n. Ó ní aláìṣẹ̀ ni. Ọ̀dá náà ì bá dá bákan náà bí ó bá ṣe pé àgbẹ̀ kan lásán ni wọ́n tì mọ́lé.

Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ṣẹ̀ ńkọ́? Ibí yìí ni àṣà Yorùbá ti fi àwáwí lé onídàájọ́ lọ́wọ́, nítorí ẹ̀kọ́ nípa orí, ìyẹn ìpín tí ẹ̀dá yàn kó tó wá sáyé, ti mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa sọ pé ohun tó bá ẹnìkan, òun ló kúnlẹ̀ yàn án. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí èyí tí Suella Braverman, nígbà tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, sọ nípa àwọn tí ń sùn nínú àgọ́, pé ńṣe ni wọ́n yan irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì padà sí ìtàn tí ẹ̀kọ́ orí ti wá yóò rí i pé kò gbe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ni wọ́n jọ ń lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí, onígbèsè kan tó máa ń sá pamọ́ sókè àjà fún àwọn tó jẹ lówó. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú débẹ̀, wọ́n fi ojú yan orí tó tóbi tó sì ń dán, láìmọ̀ pé kò jiná dáadáa. Òjò pa wọ́n lọ́nà, ó sì ń họ orí náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Afùwàpẹ́ ló kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tí wọ́n ti dífá fún un tí wọ́n sì fún un lówó. Owó yẹn ló fi san gbèsè Àjàlá, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì bá a yan orí tó dára. Lóòótọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yàn. Ṣùgbọ́n méjì yàn nínú òkùnkùn, ẹnì kan sì ní bàbá tó yà kí. Kò sí ohun tó súnmọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì òní ju èyí lọ, níbi tí ó ti jẹ́ pé lára àwọn ohun tó ń sọ ènìyàn di aláìnílé jù lọ ni pé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kò lè gbà á sílé mọ́.

Ó yani lẹ́nu pé òfin ilé gbígbé ọdún 1996 dé ibi tí ìtàn Àjàlá dé. Òfin náà mọ ohun tí a lè pè ní àìnílé àfọwọ́fà: bí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó mú un pàdánù ilé tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, ojúṣe káńsù sí i dínkù. Àmọ́ ó fi kún un pé ohun tí ènìyàn bá ṣe tọkàntọkàn láìmọ ohun pàtàkì kan tó rọ̀ mọ́ ọn, a kò gbọdọ̀ kà á sí àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Láti mọ̀ bóyá ẹnìkan mọ̀ tàbí kò mọ̀, òṣìṣẹ́ káńsù gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí, kí ó kọ ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì sọ ìdí. Ẹni náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹni tó ń kọjá lọ ní General Gordon Square ní Woolwich kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ti dájọ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Òwe Yorùbá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé orí burúkú kì í wú tuulu.

Ohun tí ẹ̀sìn Kristi sọ kò ní kí a pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Woolwich tí kò mọ ará Samáríà rere, tàbí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, tàbí ìbéèrè àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù nípa ọkùnrin afọ́jú, pé ta ló ṣẹ̀ nínú òun àti àwọn òbí rẹ̀, èyí tí Jésù dá lóhùn pé kò sí nínú wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé mímọ ìtàn kì í dá ẹsẹ̀ dúró. Ní ọdún 1973, John Darley àti Daniel Batson tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Princeton, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ sọ̀rọ̀ ní ilé kejì, àwọn kan lórí ará Samáríà gan-an, tí ọkùnrin kan sì wólẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n yóò gbà. Nínú àwọn tí kò kánjú, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, ìdá 10 péré ni. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń sáré láti ibùdókọ̀ Woolwich Arsenal lọ síbi ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí gèlè ń mì, tí ọmọ ń sunkún, kò ní í bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìkà lọ jìnnà.

Ní ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹsẹ kan wà nínú Súúrà Al-Baqarah, ẹsẹ 273, tó yẹ kí àwọn Yorùbá Mùsùlùmí tí ń kírun ní Plumstead Road fi etí sí dáadáa, nítorí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ń sọ nípa àwọn aláìní kan tí aláìmọ̀kan máa ń rò pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, nítorí ìkóra-ẹni-níjàánu tí wọ́n ní, tí wọn kì í sì í rọ̀ mọ́ ènìyàn láti tọrọ. Ó ní àmì kan wà tí a fi ń mọ̀ wọ́n. Gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ náà, ojú tó ṣìnà ni èyí tó wo aṣọ mímọ́ tó sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ìdájọ́ ojú ẹsẹ̀ ń ṣe ìpalára méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń dá ẹni tó dọ̀tí lẹ́bi, ó sì ń sọ ẹni tó mọ́ di ẹni tí kò sí.

Irú ẹni kejì yìí pọ̀ láàárín àwọn tiwa. Òfin ọdún 1999 lórí wíwọ̀lú àti ìsádi sọ pé ẹni tí físà rẹ̀ ní ààlà kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba tàbí ilé káńsù, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ sì wà nínú wọn. Bí iṣẹ́ bá bọ́ tàbí tí ọkọ bá léni jáde, orí àga ẹlẹ́gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló kù, lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀sì òru. Ní London, Yorùbá máa ń pe ìwé ìgbélùú ní páálí, orúkọ kan náà tí a ń pe páálí tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń kó dà síta. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń sùn lórí ọ̀kan nítorí pé wọn kò ní èkejì. Nígbà tí àjàkálẹ̀ Kòrónà dé ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tí ìjọba ní kí wọ́n kó gbogbo ẹni tí ń sùn síta wọlé, àwọn tí kò ní páálí pẹ̀lú rí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ní òpópónà ló wù wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́.

Àwọn kan yóò ní ẹlẹ́tàn wà, wọn kò sì parọ́. Ẹni tó ní yàrá lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú kúbùsù. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ pé kó mú kúbùsù wá bí kì í bá ṣe ojú àwọn tí ń kọjá? Ìdájọ́ ojú ẹsẹ̀ ni ọjà tí ẹlẹ́tàn ń ná; ó mọ̀ pé ìrísí ni wọ́n ń sanwó fún, nígbà tí ẹni tó fọ ojú rẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìkàwé láàárọ̀ kò ní í rí kọ́bọ̀. Àwọn aláàánú pẹ̀lú ń kó sínú rẹ̀. Ní Plumstead, tó wà láàárín Woolwich àti Thamesmead, ẹgbẹ́ Emmaus ń fún àwọn tó ti jẹ́ aláìnílé ní yàrá àti iṣẹ́, iṣẹ́ tó dára ni. Àmọ́ Abbé Pierre, àlùfáà ilẹ̀ Faransé tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1949, tí aṣọ àlùfáà rẹ̀ mú kí gbogbo ayé kà á sí ẹni mímọ́, ni ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀sùn àwọn obìnrin tó fìyà ìbálòpọ̀ jẹ jáde lé lórí ní ọdún 2024, lẹ́yìn tó ti kú. Aṣọ tí kò ní epo náà ń ṣini lọ́nà.

Nínú ìtàn Ọbàtálá, nígbà tí Ifá sọ̀rọ̀ tán, Ṣàngó kò bẹ̀rẹ̀ sí í bi arúgbó náà bí ó ṣe rí ẹṣin. Ó ní kí àwọn ènìyàn wọ aṣọ funfun, kí wọ́n lọ pọn omi láìsọ̀rọ̀, kí wọ́n wá wẹ̀ ẹ́. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá ṣì ń pọn omi náà lọ́dọọdún, nínú òkùnkùn ìdájí, láìsọ̀rọ̀. Èdè tí kò ní orúkọ tó mọ́ fún aláìnílé ní ìkíni fún gbogbo ipò tí ẹ̀dá lè wà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú òtútù, ìkíni wọ̀nyí sì ń dárúkọ ipò náà láì béèrè bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ṣe débẹ̀. Ní ọdún tó parí sí oṣù Kẹta 2025, ènìyàn 13,231 ni àwọn òṣìṣẹ́ aláàánú bá tí wọ́n ń sùn síta ní London. Bí Yorùbá kan bá jókòó sí General Gordon Square nínú oṣù Kìíní pẹ̀lú báàgì ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yálà ó nílé tàbí kò ní, ẹ kú òtútù tọ́ sí i.